Ilẹ̀ Apárí Tí Wọ́n Fi Ń Sá Láfún

Ẹ̀yin ará ilé mi létí omi, mo ti dé o. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí tú báàgì mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní gbangba: wàrà díẹ̀ àti èlùbọ́ ni mo mú bọ̀, ẹ ò sì ní fẹ́ràn wàrà náà. Àwọn tó ń sọ pé oòrùn Òkè-Ògùn ti sọ mí di ẹja gbígbẹ kò purọ́. Ọdún kan àti oṣù díẹ̀ ni mo lò níbẹ̀, mi ò sì rí omi kan tí mo lè ri ẹsẹ̀ bọ̀ dé orúnkún.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbàgbé iṣẹ́ tí mò ń ṣe, wolé-wolé ni mí. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ará Ìbàdàn ni mo ti ń bá ìjọba ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún. Iṣẹ́ náà kò le ní Ìbàdàn. Ènìyàn á yọjú wo ṣáláńgá onílé, á fa ojú ro, onílé á ní kó jókòó mu mínírà. Àfi bí lẹ́tà ṣe dé lọ́jọ́ kan pé wọ́n ti gbé mi lọ sí káńsù kan ní Òkè-Ògùn. Mi ò ní dárúkọ káńsù náà, nítorí alága ibẹ̀ mọ̀wé kà. Ẹ ṣáà mọ̀ pé kò jìnnà sí Ogbooro. Nígbà tí mo sọ fún ọ̀gá mi pé mi ò mọ ibẹ̀, ó ní, "Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n nínú wa. Ìdí nìyẹn tí a fi ń rán ọ lọ."

*

Bí a ṣe kọjá Ìsẹ́yìn ni ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí tẹ́ lọ bí ẹní. Igi ẹ̀mí kan níhìn-ín, igi igbá kan lọ́hùn-ún, bí àwọn tó bá ara wọn jà tí wọn ò fẹ́ dúró pọ̀ mọ́. Mò ń wo ọ̀tún, mò ń wo òsì, mò ń wá odò. Obìnrin tó jókòó tì mí nínú ọkọ̀ bi mí pé kí ló sọnù lọ́wọ́ mi. Mo ní omi ni. Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó fún mi ní píọ̀ wọ́tà kan.

Ilé Ìyá Àlímọ̀ ni wọ́n wá yàrá sí fún mi. Opó ni, ó jù mí lọ dáadáa, láfún ló sì ń ṣe tà. Òun àti ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, Rọ́fíà, tí kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún, ni wọ́n jọ ń gbé. Bí mo ṣe sọ ẹrù mi kalẹ̀, ìyá tó lè bí mi yìí kúnlẹ̀ kí mi. Èmi náà yára kúnlẹ̀. Ni àwa méjèèjì bá wà nílẹ̀, tí kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ dìde.

"Ẹ kú àbọ̀ o. Ẹ kú ìrìn. Ẹ kú eruku. Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn tí ẹ fi sílẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, mà."

"Bàbá yín ńkọ́?"

"Bàbá mi ti kú, mà."

"Háà, ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Àwọn tó bá yín sin ín ńkọ́?"

Bí wọ́n ṣe ń kíni níbẹ̀ nìyẹn. Ní tiwa, bí ọkọ̀ ojú omi méjì bá pàdé, a ó gbọ́wọ́ sókè, ó parí. Lọ́hùn-ún, bí ẹ bá fẹ́ dé ọ́fíìsì ní aago mẹ́jọ, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí kí ènìyàn ní aago mẹ́fà.

Ohun tó tún dẹ́rù bà mí ni "ẹ". Ẹ mọ̀ pé ní èdè tiwa nílé, "ìwọ" kan náà ló wà fún ọba àti ọmọ ọwọ́. Níbẹ̀, ẹni tó fi oṣù kan jù ọ́ lọ, "ẹ" ni. Ìbàdàn ti kọ́ mi tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí inú bá ń bí mi, èdè ìyá mi ló máa ń já ìdè.

Orúkọ tí bàbá mi sọ mí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ìyá Dáre ni mí lọ́jọ́ kìíní. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, mo ti di Ìyá Olómi.

Oúnjẹ wá ńkọ́? Ẹja tí mo rí lọ́jà wọn le débi pé ènìyàn lè fi kan ìlẹ̀kùn. Mo gbé ọ̀kan sọ́wọ́, mo ní kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Wàrà ni wọ́n ń sè sọ́bẹ̀ dípò rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gé e jẹ, ó dún wín-ín láàrin eyín mi, mo tu ú dànù, mo rò pé ó ṣì wà láàyè. Ṣùgbọ́n láfún Ìyá Àlímọ̀! Ó funfun, ó ń fà, kókó kan kì í sí nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá bu ọbẹ̀ ilá tó ní irú lé e, ọwọ́ mi kì í dúró. Láàrin oṣù mẹ́ta, àwọn aṣọ tí mo kó lọ bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀ mí.

*

Ní àárín òjò ni alága káńsù ránṣẹ́ pè mí. Alájì Lásísì, ọlọ́kọ̀ àjàgbé tó lówó jù nílùú náà, ti fi ilẹ̀ kan ta káńsù lọ́rẹ kí wọ́n fi kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Fọ́ọ̀mù kan wà tí wolé-wolé gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí pé ilẹ̀ náà kò léwu. Alága ti tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó ti ṣí bíírò dè mí.

"Ẹ ṣáà fọwọ́ sí i, Ìyá Dáre. Ilẹ̀ ni, kì í ṣe oúnjẹ."

"Ṣé ẹnì kan ti lọ wò ó, sà?"

"Èmi ti wò ó. Ó tẹ́jú rẹ́rẹ́. Kò sí koríko kan lórí rẹ̀, a ò tilẹ̀ ní wá ẹni tí yóò ṣán an."

Mi ò ní purọ́ fún yín, mo ti gba bíírò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ koríko yẹn há mi lọ́fun bí egungun ẹja. Nígbà òjò ní Òkè-Ògùn, koríko ń hù lórí òrùlé mọ́ṣáláṣí. Ilẹ̀ wo ló wá ní òun ò fẹ́? Mo ní kí alága fún mi ní ọjọ́ kan péré. Ó wò mí bí ẹni tí mo ní kó wá bá mi fọ aṣọ.

Baba Rùkáyà ló fi ọ̀kadà rẹ̀ gbé mi lọ. Òun ni wolé-wolé kejì ní káńsù náà, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì, kò sì sí ohun tó tún lè yà á lẹ́nu láyé. A dé ẹ̀yìn ìlú, ó pa ẹ̀rọ.

"Òun nìyí," ó wí. "Ilẹ̀ Apárí là ń pè é."

Koríko yí i ká, ó ga dé àyà ènìyàn. Ṣùgbọ́n àárín rẹ̀ pá borobo bí orí àgbàlagbà. Àwọn obìnrin kún orí rẹ̀, wọ́n ń sá láfún. Ọ̀pọ̀ ló tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ lásán, ìwọ̀nba díẹ̀ ló fi àpò sábẹ́ rẹ̀. Ta ni mo sì rí láàrin wọn tó ń fi ọwọ́ yí láfún padà? Ìyá Àlímọ̀. Ó juwọ́ sí mi tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Ṣé ibí lẹ ti ń sá a, mà?"

"Ibí mà ni! Ibo ló tún mọ́ tó báyìí? Ó lé lógún ọdún tí mo ti ń sá a níbí. Kì í tilẹ̀ sí koríko tí a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣà kúrò nínú rẹ̀."

Mo ń rìn kiri, ni mo bá fi ẹsẹ̀ kọ nǹkan. Mo bẹ̀rẹ̀ mú un. Kò ju ọmọ àtàǹpàkò lọ, àmọ́ ó wúwo lọ́wọ́ ju bó ṣe tóbi lọ. Mo fi èékánná họ ọ́, abẹ́ rẹ̀ ń dán. Ẹ̀yin ará ilé, ó dá mi lójú pé kò sí ìkankan nínú yín tí kò ní mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo fi ọwọ́ ara mi so ó mọ́ ẹsẹ̀ àwọ̀n bàbá mi láti kékeré! Òjé ni. Mo wo àyíká dáadáa, mo rí òmíràn, mo tún rí èépá bátìrì dúdú dúdú tó ti wọ inú ilẹ̀ lọ.

Mo bi Baba Rùkáyà pé, "Kí ni òjé ń wá níbi tí kò sí àwọ̀n?"

Ó wo òjé náà, ó wo àwọn obìnrin, ó wá wo ikùn mi. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ láfún ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Májèlé ni òjé, orí rẹ̀ sì ni wọ́n ti ń sá ohun tí mo ti ń jẹ láti oṣù mẹ́ta.

*

Ní ọ́fíìsì, mo béèrè ìwé tí káńsù kọ àwọn ilẹ̀ tó bàjẹ́ sí. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun ò tilẹ̀ rí ìwé tí wọ́n kọ àwọn àga ọ́fíìsì sí.

Baba Rùkáyà ní, "Àwọn arúgbó ni fáìlì wa. Ẹ jẹ́ ká lọ ṣí wọn."

Ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ gan-an ló sọ yẹn: bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ilẹ̀ léwu, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé kí ni wọ́n ń ṣe lórí rẹ̀ kí a tó bí ọ. A lọ jókòó níwájú mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun àsárì. A kí ara wa títí ilẹ̀ fẹ́ ṣú. Bàbá kan tí eyín rẹ̀ kò ju méjì lọ ló tú u sílẹ̀ bí ẹni tú ẹ̀pà.

"Ilẹ̀ Apárí? Ṣebí ibẹ̀ ni Lásísì ti ń yọ́ bátìrì ọkọ̀ nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á da omi rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á yọ́ òjé inú rẹ̀ tà. Èéfín rẹ̀ máa ń pa adìyẹ wa. Ibẹ̀ ló ti rí owó ra ọkọ̀ àkọ́kọ́."

Àwọn tó kù mi orí. Gbogbo ìlú ló mọ̀. Kò sí ẹni tó bi wọ́n rí ni.

Lọ́jọ́ kejì, a na okùn sórí ilẹ̀ náà, a pín in sí igun mẹ́rin-mẹ́rin bí ojú àwọ̀n. A bu erùpẹ̀ ojú ilẹ̀ láti inú ojú kọ̀ọ̀kan, a gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀, a tún bu ti ìsàlẹ̀. A bu omi kànga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ pẹ̀lú. A kó erùpẹ̀ sí ọ̀rá, a rọ omi sí ìgò, a kọ nọ́ńbà sí wọn, ó di ilé àyẹ̀wò ní Ìbàdàn. Àwọn obìnrin ń wò wá, wọ́n ń fi wá ṣẹ̀sín.

"Ìyá Olómi ti ń ra erùpẹ̀ o! Ẹ wá, a ní púpọ̀ nílé!"

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Ìyá Àlímọ̀ gbé láfún ka iwájú mi bó ṣe máa ń ṣe. Mi ò fọwọ́ kàn án.

"Ṣé ara yín ò yá ni?"

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé. Mo ní, "Mà, kí ilẹ̀ tó lè pa ènìyàn lára, nǹkan mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ pàdé. Májèlé gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ènìyàn gbọ́dọ̀ wà tí yóò ṣe ní jàǹbá. Ọ̀nà sì gbọ́dọ̀ wà tí májèlé náà ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí a bá gé ọ̀kan kúrò nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀rọ̀ parí."

"Mo gbọ́. Kí wá ni ọ̀nà ọ̀hún?"

 Mo wo àwo tó wà láàrin wa.

Òun náà wo àwo ọ̀hún. "Láfún mi lẹ ń pè ní májèlé. Láfún tí mo fi tọ́ Àlímọ̀, tí mò ń fi tọ́ Rọ́fíà."

"Rọ́fíà gan-an ni mo fẹ́ sọ, mà. Inú tó ń run ún yẹn, àti bí kò ṣe lè so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ títí di ìsinsìnyí…"

"Aràn ni!" Ó gbé àwo rẹ̀, ó jáde.

Láti ọjọ́ yẹn, kíkí rẹ̀ dín kù sí "Ẹ káàárọ̀" nìkan. Ní Òkè-Ògùn, ó sàn kí wọ́n sọ òkò lù yín.

*

Mo ń se ìrẹsì jẹ fún ara mi nínú yàrá bí olè, mo ń dúró de èsì. Alága ti gbé fọ́ọ̀mù náà wá sí tábìlì mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó fi bisikíìtì lé e.

Èsì dé. Alága sì pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn káńsù, nítorí ó rò pé bí Alájì Lásísì bá jókòó níwájú mi pẹ̀lú fìlà funfun rẹ̀, ojú á tì mí, n óò fọwọ́ sí i. Ó tilẹ̀ ti pe ayafọ́tò. Gbọ̀ngàn kún. Àwọn aláfún wá tìbínú-tìbínú, Ìyá Àlímọ̀ ló ṣáájú wọn. Alájì jókòó, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí ọ̀pá rẹ̀. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n, ó gbìyànjú kí ẹnikẹ́ni má rí i.

Mo dìde, mo ka èsì. Òjé inú erùpẹ̀ náà ju èyí tó yẹ kó wà níbi tí ọmọdé ti ń ṣeré lọ ní ìlọ́po lọ́nà ìlọ́po. Ó pọ̀ jù lójú ilẹ̀, níbi tí wọ́n ń tẹ́ láfún sí. Ó wà nínú omi kànga pẹ̀lú.

Alájì lu ọ̀pá mọ́lẹ̀. "Ilẹ̀ tí mo fi ṣe sàráà lẹ ń bú! Ta ló mọ ibi tí òjé ti wá? Bóyá bí Ọlọ́run ṣe dá ibẹ̀ nìyẹn."

Inú bí mi. Ohun tó jáde lẹ́nu mi kì í ṣe Yorùbá Ọ̀yọ́ mọ́.

"Ìwọ lo yọ́ ọ! Ìwọ lo da omi bátìrì síbẹ̀, ìwọ náà lo tún fẹ́ kó ọmọ ọlọ́mọ lé e lórí!"

Gbogbo gbọ̀ngàn káwọ́ lérí.  Nílé wa níbí, mi ò ṣe ohun kan tó burú. Lọ́hùn-ún, ó dà bí ìgbà tí mo ṣí fìlà Alájì sọ sínú gọ́tà. Baba Rùkáyà ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ foríjì wọ́n, Alájì. Ará omi ni wọ́n. Bí wọ́n ṣe ń bá ọba wọn sọ̀rọ̀ nìyẹn."

Alájì ní kí Baba Rùkáyà dìde. Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Láti ọjọ́ tí ìyá mi ti kú, kò sẹ́ni tó pè mí ní ìwọ mọ́."

Ohùn rẹ̀ wá sílẹ̀. "Mo yọ́ ọ. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ni. Ẹnu la fi ń fẹ́ iná náà, orí òjé la máa ń sùn sí lọ́sàn-án. Orí ọ̀rẹ́ mi yẹn dàrú, ó kú sínú igbó. A ní ayé ló ṣe é. Nígbà tí mo fẹ́ ta ilẹ̀ náà, kò sẹ́ni tó rà á, nítorí nǹkan kan ò hù níbẹ̀. Ni mo bá ní kí n kúkú fi ṣe sàráà."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Alájì náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kí gbogbo wa rí i.

"Ṣé òun náà ló ń gbọ̀n mí báyìí?"

"Mi ò mọ̀, sà," mo wí. "Dókítà ló lè sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

Kò sẹ́ni tó retí ẹni tó dìde tẹ̀ lé e. Ìyá Àlímọ̀ ni. Kò wo alága, kò wo Alájì. Èmi ló kọjú sí.

"Kí ló máa ń ṣe ọmọdé?"

"Ẹ jókòó ná, mà."

"Mo ní kí ló máa ń ṣe wọ́n?"

Mo sọ ọ́. Inú rírun. Kí ọmọ má fẹ́ jẹun. Kí ọmọ tó yẹ kó ti máa rojọ́ má lè so ọ̀rọ̀ pọ̀. Bí mo ṣe ń kà á, mò ń rí i lójú àwọn obìnrin náà pé olúkúlùkù ti ń ka ọmọ tirẹ̀ mọ́ ọn. Ìyá Àlímọ̀ tú gèlè rẹ̀, ó fi bo ẹnu, ó jókòó.

Ayafọ́tò bi alága bóyá kí òun ya fọ́tò. Alága ní kó máa lọ sílé.

*

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ìyá náà ti kan ilẹ̀kùn mi, Rọ́fíà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Ẹ mú wa lọ sí ilé ìwòsàn ní Ṣakí. Ẹ dìde." A lọ. Ọmọ náà kò sunkún nígbà tí nọ́ọ̀sì gún un lábẹ́rẹ́ láti gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ àgbà ló sunkún.

Òjé wà nínú ẹ̀jẹ̀ Rọ́fíà, ó pọ̀. Ó wà nínú ti àwọn ọmọ mìíràn tí ìyá wọn kó wá lẹ́yìn wa. Ó wà nínú tèmi náà, díẹ̀. Dókítà bi mí pé báwo lòjé ṣe dé inú wolé-wolé. Mo ní ojúkòkòrò ni. Wọ́n fún Rọ́fíà ní oògùn, wọ́n ní kí wọ́n máa fún un ní ẹyin àti wàrà dáadáa. Dókítà kò tàn wá. Ó ní ohun tí òjé ti mú lọ lè má padà tán, ṣùgbọ́n bí ọmọ náà kò bá jẹ ẹ́ mọ́, kò ní mú ju bẹ́ẹ̀ lọ. A kọjá Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Ibẹ̀ ni Ìyá Àlímọ̀ ti di ọwọ́ mi mú, kò fi í sílẹ̀ títí a fi délé.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà jù wá lọ wá láti Ìbàdàn, pẹ̀lú ìbòmú àti bàtà gígùn. Àwọn ọmọ ìlú rò pé wọ́n ti inú òṣùpá wá. Wọ́n fi omi rin ilẹ̀ náà kí eruku má baà fò, wọ́n ha ojú rẹ̀ kúrò, wọ́n rì í sínú kòtò tí wọ́n fi amọ̀ lílẹ̀ àti ọ̀rá nípọn tẹ́, wọ́n bo orí rẹ̀ pa, wọ́n kó erùpẹ̀ tó mọ́ lé e. Wọ́n di ẹnu kànga. Káńsù fi wáyà sọgbà yí gbogbo rẹ̀ ká. Ọ̀kan nínú àwọn káńsẹ́lọ̀ ní kí wọ́n kúkú kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi náà sórí rẹ̀ báyìí, ṣebí a ti bò ó. Baba Rùkáyà bi í pé ṣé ọmọ tirẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wọlé. Ọ̀rọ̀ náà kú síbẹ̀.

Alájì ló san púpọ̀ nínú ohun tí iṣẹ́ náà gbà. Òfin sọ pé ẹni tó ba ilẹ̀ jẹ́ ni yóò tún un ṣe, àmọ́ mo mọ àwọn tí òfin ti ń lé kiri fún ohun tó kéré sí èyí. Òun kò jẹ́ kí a lé òun. Ó tún gé lára oko kajú rẹ̀, ilẹ̀ gidi, ilẹ̀ tí koríko fẹ́ràn débi ìbínú, ó ní kí wọ́n kọ́ ilé àwọn ọmọ síbẹ̀. Àwọn aláfún kò dákẹ́ títí káńsù fi ṣe pèpéle sìmẹ́ńtì ńlá kan fún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Ọjọ́ tí Ìyá Àlímọ̀ gbé láfún àkọ́kọ́ láti orí rẹ̀ wá fún mi, ó dúró lé mi lórí.

"Ẹ jẹ ẹ́ tán lójú mi."

Mo jẹ ẹ́ tán. Mo tún béèrè sí i.

Mo ra ìwé ńlá kan fún ọ́fíìsì, mo kọ Ilẹ̀ Apárí sí ojú ewé àkọ́kọ́: ohun tó wà níbẹ̀, ẹni tó dá a sílẹ̀, ohun tí a ṣe sí i, àti ìgbà tí a gbọ́dọ̀ padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Mo rò pé ojú ewé yẹn nìkan ni a óò lò. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí wá fúnra wọn. Ẹnì kan ní lẹ́yìn ilé mẹkáníìkì, ọ̀pọ̀lọ́ kì í pẹ́ kú. Òmíràn ní níbi tí wọ́n ń kó oògùn kòkòrò sí láyé òwú, títí di òní, òórùn rẹ̀ ń yọ bí òjò bá rọ̀. Baba Rùkáyà ní òun ò rò pé iṣẹ́ yóò bá òun nílé ìfẹ̀yìntì. Ó kùn, ó ráhùn, ó sì ń gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

*

Ọjọ́ tí mo ń bọ̀ wálé, mo ní kí ọkọ̀ gba ẹ̀yìn ìlú. Rọ́fíà ti kí mi ní ọ̀rọ̀ márùn-ún tó so pọ̀, ó ní, "Ìyá Olómi, ẹ tètè dé." Ìyá àgbà rẹ̀ kà á sí ìwàásù.

Alájì Lásísì jókòó sórí àga lábẹ́ igi ẹ̀mí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà wáyà náà. Àwọn ará ìlú sọ fún mi pé bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn, láti ìgbà tí ìrun ọ̀sán bá ti parí. Dókítà ti sọ fún un pé ọwọ́ rẹ̀ kò ní ṣíwọ́ gbígbọ̀n. Kò sẹ́ni tó ní kó wá ṣọ́ ibẹ̀. Ó ní ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́, ó ní ọmọ tó ń gbọ́ tirẹ̀, ó lè jókòó síbi tó wù ú.

Ọkùnrin kan tó wọṣọ olówó ti dá mọ́tò rẹ̀ dúró síbẹ̀, ó ń wo ilẹ̀ náà láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Àlejò ni, ó hàn lójú rẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó, bàbá. Ilẹ̀ yìí dára o. Ta ló ni ín? Ṣé wọ́n ń tà á?"

Mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ dáhùn, nítorí iṣẹ́ mi ni. Ṣùgbọ́n Alájì ti fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde, ó sún mọ́ ọkùnrin náà, ó gbé ohùn sókè kí àwọn tó ń kọjá náà lè gbọ́.

"Wọn kì í tà á. Lásísì ni mí. Èmi ni mo bà á jẹ́. Ẹ máa lọ."